Ta Ni Yóò San Án? Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Káràkátà Agbábọ́ọ̀lù

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àpéjọ àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín o. Ẹ kú ìpéjọ, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin ọmọ Arsenal, mo kí yín. Ẹ̀yin ará Chelsea, ẹ̀yin ará Manchester United, ẹ̀yin ará Liverpool àti City, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gba ẹnu ọ̀nà Adamásìngbà wọlé lọ wo 3SC, kíláàbù Ìbàdàn tiwa, nínú òòrùn, ẹ̀yin ni mo kí jù. Alága, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ fún mi láyè. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fi ń jẹun, Arsenal ni mo sì ń ṣe láti kékeré. Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn bí mo bá ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.

Gbogbo wa la mọ bí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ṣe máa ń rí bí ọjọ́ káràkátà agbábọ́ọ̀lù bá fẹ́ parí. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, wọn kò gbá bọ́ọ̀lù kankan tí à ń wò, síbẹ̀ bẹ́ǹṣì kún. Télọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Liverpool gbé fóònù sókè, ó ní: “Isak ti wọlé! Mílíọ̀nù 125 pọ́n-ùn! Ta ló tún tó wa?” Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe, ọmọ Arsenal, fò dìde: “Àwa náà ti ná ju igba mílíọ̀nù lọ! Ẹ lọ ka orúkọ àwọn tí a rà!” Ariwo sọ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di ara wọn lẹ́wù mú. Bàbá kan tó jókòó lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ wá bi wọ́n jẹ́jẹ́ pé: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ni yóò san án?” Kò sẹ́ni tó dá bàbá lóhùn. Wọ́n ń bá ariwo wọn lọ.

Ìbéèrè bàbá yẹn ni mo gbé wá síbí lónìí. Ta ni yóò san án? Títí di ìgbà wo ni yóò máa san án? Lójú tèmi, ẹni tí kò bá bi ìbéèrè méjèèjì yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí owó kíláàbù. Ariwo ló ń pa.

Kókó kìíní: iye tí wọ́n kéde kọ́ ni iye tó ń ná wọn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Arsenal tèmi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo wá bú kíláàbù ẹlòmíràn. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2019, Arsenal ra Nicolas Pépé lọ́wọ́ Lille ní £72 mílíọ̀nù. Arsenal kò san tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹnikẹ́ni rí kó tó di ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ wa rò pé wọ́n di owó náà sínú àpò, wọ́n gbé e fún Lille, ọ̀rọ̀ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń san irú owó bẹ́ẹ̀, fún ọdún mélòó kan. Owó náà kò sì dá wà. Owó oṣù agbábọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, owó aṣojú rẹ̀ wà níbẹ̀, owó ìbuwọ́lùwé wà níbẹ̀, owó tí yóò gbà bó bá jẹ góòlù tàbí tí ẹgbẹ́ bá gba ife náà wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní wọ́n gbà lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá, owó oṣù rẹ̀ lè mú kó wọ́n ju ẹni tí wọ́n san owó gọbọi rà lọ.

Báwo wá ni àwọn oníṣirò ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé? Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ra Micra, ó fẹ́ máa fi ná Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀. Ká ní mílíọ̀nù márùn-ún náírà ló rà á, ó sì gbà pé ọdún márùn-ún ni yóò lò ó. Nínú ìwé, mílíọ̀nù kan ni ọkọ̀ yẹn ń jẹ lọ́dún, bó wà lójú títì o, bó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì o. Bó bá fẹ́ tà á lẹ́yìn ọdún méjì, mílíọ̀nù mẹ́ta ló ṣẹ́ kù nínú ìwé. Bó bá rí mílíọ̀nù mẹ́rin gbà, ó jèrè kan. Bó bá jẹ́ méjì ló rí, ó pàdánù kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń ka agbábọ́ọ̀lù gan-an nìyẹn. Iye tí wọ́n rà á, wọ́n á pín in sí iye ọdún tó wà nínú àdéhùn rẹ̀.

Ẹ gbé Pépé lé e. £72 mílíọ̀nù, àdéhùn ọdún márùn-ún: £14.4 mílíọ̀nù lọ́dún, owó oṣù lọ́tọ̀. Lọ́dún 2023, nígbà tí ọdún kan ṣì kù, òun àti Arsenal fòpin sí àdéhùn náà, ó lọ sí Trabzonspor ní Tọ́kì. Arsenal kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹlòmíràn nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2019 kan náà. Alex Iwobi tiwa, ọmọ tí Arsenal tọ́ láti kékeré, ni wọ́n tà fún Everton ní iye tó lè dé £34 mílíọ̀nù pẹ̀lú àfikún. Wọn kò san owó kankan láti rà á, nítorí náà kò sí iye kankan lórí rẹ̀ nínú ìwé. Gbogbo ohun tó wọlé, èrè ni. Ṣé ẹ ti wá rí ìdí tí àwọn ọmọ tí kíláàbù tọ́ dàgbà fi ń yá tà? Chelsea ta Mason Mount fún Manchester United lọ́dún 2023. Wọ́n ta Conor Gallagher fún Atlético Madrid lọ́dún 2024. Àwọn olólùfẹ́ ń ké, ìwé ìṣirò ń rẹ́rìn-ín.

Oníṣirò ni mí, mo sì ń sọ ọ́ fún yín pé inú mi kì í dùn sí i. Bùkáyọ̀ Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, kò ná Arsenal ní owó ìràwọlé kankan. Bí wọ́n bá tà á lọ́la, ìwé yóò pè é ní èrè tó pọ̀ jù lọ nínú ìtàn kíláàbù náà. Ta ló fẹ́ irú èrè bẹ́ẹ̀ nínú wa? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kíláàbù tó bá ń ta ọmọ inú ilé kó lè rówó gba àlejò, kó tún ilé náà wò dáadáa.

Chelsea tún rí ọgbọ́n mìíràn dá. Nígbà tí oṣù Kìíní ọdún 2023 ń parí lọ, wọ́n ra Enzo Fernández lọ́wọ́ Benfica ní £106.8 mílíọ̀nù, wọ́n sì fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ pín in. Nǹkan bí £12.6 mílíọ̀nù ló bọ́ sí lọ́dún. Ká ní ọdún márùn-ún ni, ì bá lé ní £21 mílíọ̀nù. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, rí ilẹ̀kùn yẹn, wọ́n tì í nínú ọdún 2023. Premier League, líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà tì í lóṣù Kejìlá ọdún kan náà. Kíláàbù ṣì lè fún èèyàn ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ bó bá wù ú, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni òpin ìpín owó ìràwọlé nínú ìwé. Owó oṣù ọdún mẹ́jọ yẹn ńkọ́? Gbèsè ni, bí ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù, bí kò gbá bọ́ọ̀lù.

Òfin náà wà níbẹ̀

Lórí èyí, n kò ní í pẹ́. Títí di sáà 2025 sí 2026, òfin tó ti mú èèyàn ní Premier League sọ pé kíláàbù kò gbọ́dọ̀ pàdánù ju £105 mílíọ̀nù lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Everton fi £19.5 mílíọ̀nù kọjá rẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2023, wọ́n yọ pọ́ìǹtì mẹ́wàá lára wọn. Wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó di mẹ́fà. Lóṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n tún yọ méjì mìíràn nítorí sáà tó tẹ̀ lé e.

Èyí tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni ti Nottingham Forest. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà ni ìwé ọdún ìṣirò wọn parí. Wọ́n ní Brennan Johnson lọ́wọ́, ọmọ tí wọ́n tọ́ fúnra wọn, èrè ni gbogbo owó rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá tà á kí ọjọ́ yẹn tó pé, àwọn kò ní í rú òfin. Wọ́n rò pé bí àwọn bá dúró, owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò wọlé. Òótọ́ ni, ó wọlé: Tottenham san £47.5 mílíọ̀nù lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ọdún ìṣirò ti kọjá lọ. Lóṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n yọ pọ́ìǹtì mẹ́rin. Nítorí náà, bí ẹ bá rí kíláàbù tó ń sáré ta èèyàn nígbà tí oṣù Kẹfà ń lọ sópin, ẹ má sọ pé wọ́n ya wèrè. Ẹ wo kàlẹ́ńdà.

Kókó kejì: ẹni tó ń san án gan-an

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí jù.

Ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ní Wembley. Ṣé ẹ rántí? Àṣekágbá ife FA, Portsmouth àti Cardiff. John Utaka gbé bọ́ọ̀lù wọlé láti apá ọ̀tún, ó yọ bọ́ lọ́wọ́ aṣọ́lé Cardiff, Kanu Nwankwo sì tì í sínú àwọ̀n. Ọmọ Nàìjíríà gbé e, ọmọ Nàìjíríà tì í wọlé. Góòlù kan ṣoṣo yẹn ló gba ife. Ìdùnnú ṣubú layọ̀ ní ìlú wa lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò mọ ibi tí Portsmouth wà lórí máàpù ń jó.

Ta ló bèèrè lọ́jọ́ náà pé ibo ni owó yìí ti ń wá? Sol Campbell wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, David James wà níbẹ̀, Glen Johnson, Lassana Diarra, Sulley Muntari, àti Kanu fúnra rẹ̀. Èèyàn ńlá ni gbogbo wọn, owó oṣù ńlá sì ni. Pápá Fratton Park tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nílé kò gbà ju nǹkan bí 20,000 èèyàn lọ. Ti Arsenal gba ju 60,000 lọ. Kí ni tíkẹ́ẹ̀tì 20,000 fẹ́ san nínú owó oṣù Sol Campbell? Àpò olówó kan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí ọwọ́ olówó náà rọ̀, ilé dàrú.

Láàárín sáà 2009 sí 2010, kíláàbù yẹn bọ́ sọ́wọ́ olówó mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Owó oṣù ń pẹ́. Lóṣù Kejì ọdún 2010, wọ́n fi í sábẹ́ alábòójútó nítorí gbèsè tó lé ní £100 mílíọ̀nù, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí kíláàbù tó wà nínú Premier League. Wọ́n yọ pọ́ìǹtì mẹ́sàn-án, wọ́n já bọ́. Lọ́dún 2012 wọ́n tún já bọ́. Lọ́dún 2013 wọ́n tún já bọ́, ó di ìpele kẹrin. Láti Wembley dé ìpele kẹrin, ọdún márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ń dùn mí níbẹ̀ títí dòní. Bí kíláàbù bá wọ gbèsè bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin líìgì wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ san ti agbábọ́ọ̀lù àti ti kíláàbù tó kù pé pérépéré. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn yòókù tó máa pín èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ta ni àwọn yòókù? Oníṣòwò kékeré tó ń ta nǹkan fún wọn. St John Ambulance, àwọn aláàánú tó máa ń dúró lẹ́bàá pápá láti tọ́jú ẹni tó bá dákú láàárín èrò, wà lára àwọn tí Portsmouth jẹ lówó. Ẹni tó ń gba ọ̀kẹ́ àìmọye lọ́sẹ̀, owó rẹ̀ pé. Ẹni tó wá fi àánú gbé aláìsàn, wọ́n ní kó dúró sẹ́yìn.

Nígbà tí gbogbo olówó ti sá lọ tán, ta ló ra Portsmouth? Àwọn olólùfẹ́ ni. Lóṣù Kẹrin ọdún 2013, àwọn èèyàn bí èmi àti ẹ̀yin, awakọ̀, olùkọ́, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, dá owó jọ, £1,000 fún ìpín kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba kíláàbù wọn kalẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ní Portsmouth, ẹni tó jẹ ẹ́ kọ́ ló ru igbá. Àwọn tí kò ríbi kankan lọ ló rù ú.

Leeds United náà ti rin ọ̀nà yẹn kí ti Portsmouth tó kàn. Wọ́n yá £60 mílíọ̀nù lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì tí kò tíì wọlé, wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá Champions League lọ́dún 2001, wọ́n já bọ́ kúrò nínú Premier League lọ́dún 2004. Wọ́n ta agbábọ́ọ̀lù tán, ó kan pápá ìṣeré fúnra rẹ̀.

Ṣé kí kíláàbù má náwó mọ́ ni?

Rárá o. Mo mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ti wà lẹ́nu ẹlòmíràn níbí. Ẹni tó bá há ju bó ṣe yẹ lọ náà ń fìyà jẹ olólùfẹ́. Àwa ọmọ Arsenal mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2006 a kúrò ní Highbury tó ń gba 38,000, a bọ́ sí Emirates, pápá tí wọ́n fi £390 mílíọ̀nù kọ́. Láti ìgbà náà, títà ni. Adebayor, ọmọ Togo tí orúkọ rẹ̀ ń sọ ilé baba rẹ̀ fún wa, òun àti Kolo Touré lọ sí Manchester City lọ́dún 2009. Fàbregas àti Nasri lọ lọ́dún 2011. Van Persie lọ sí Manchester United lọ́dún 2012, ó sì fi góòlù gba líìgì fún wọn. Ojú wa rí màbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà lóṣù Kẹjọ ọdún 2013, Aston Villa nà wá ní 3 sí 1 nílé wa, gbogbo pápá ń pariwo mọ́ Wenger, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà náà, pé kó náwó. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi £42.5 mílíọ̀nù ra Özil, a sì gba ife FA lóṣù Karùn-ún ọdún 2014, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án.

Ṣé àwọn tó pariwo yẹn jẹ̀bi? Lójú mi, wọn kò jẹ̀bi. Wọ́n mọ̀ pé owó wà nílé nígbà náà, nítorí ìwé ìṣirò kíláàbù fi hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé Wenger kàn láhun náà kò sọ òótọ́ tó pé. Gbèsè pápá ìṣeré kì í ṣe ẹgbẹ́ gbèsè owó oṣù. Pápá yẹn ń pa owó wọlé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù nílé, ó sì ń pa á títí dòní. Owó tí Portsmouth yá san owó oṣù, nígbà tí oṣù parí, ó ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ pé kíláàbù jẹ gbèsè, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi gbèsè náà ṣe kí ẹ tó bú wọn.

Ìdí tí n kò fi ráhùn nìyí nígbà tí wọ́n ra Declan Rice lọ́dún 2023 ní £105 mílíọ̀nù. Ọmọ ọdún 24 ni, Arsenal ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sínú Champions League, owó ibẹ̀ ń bọ̀, ipò tí wọ́n rà á sí ṣófo. Owó tó pọ̀ ni, ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó máa san án.

Kókó kẹta: tiwa ńkọ́?

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa kíláàbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé rẹ̀ wà níta. Òfin wọn ní kí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ìṣirò owó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹnikẹ́ni sì lè kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Èèyàn lè jókòó sí Bẹẹrẹ kó ka iye tí Arsenal san fún òṣìṣẹ́ lọ́dún tó kọjá.

Ta ló ti ka ti 3SC rí nínú wa níbí? Ẹ nawọ́ sókè kí n rí yín.

Mo rí i. Kò sí ọwọ́ kankan.

3SC yìí ni Muda Lawal àti Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbámi gbá bọ́ọ̀lù fún. Òun ló gba ife àwọn agbafé Áfíríkà lọ́dún 1976, tó tún gba ife CAF lọ́dún 1992. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni í, ìyẹn ni pé owó èmi àti ẹ̀yin ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Bí a bá ti mọ iye tí Liverpool ra Isak, kò yẹ kó ṣòro fún wa láti mọ iye tí agbábọ́ọ̀lù Adamásìngbà ń gbà lóṣù, àti bóyá ó ń gbà á lásìkò. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ ká máa wá ojú ewé tí eré ìdárayá wà níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe owó tó ń jáde nìkan ló ń sọnù bí ìwé kò bá sí. Òfin FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tí kíláàbù ilẹ̀ kan bá fi ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ti ilẹ̀ mìíràn, kí wọ́n pín in fún gbogbo ibi tó ti gbá bọ́ọ̀lù láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Lọ́dún 2025, Galatasaray ra Victor Osimhen lọ́wọ́ Napoli ní €75 mílíọ̀nù. Lórí irú owó bẹ́ẹ̀, kíláàbù tó bá ní ọmọ kan lọ́wọ́ fún ọdún kan ṣoṣo lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 16, €375,000 ló tọ́ sí i. Ọdún kan péré! Ẹ fi náírà ṣe é. Ṣùgbọ́n àfi bí orúkọ ọmọ náà bá wà nínú ìwé, tí ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tó lọ wà níbẹ̀, tí àjọ bọ́ọ̀lù sì mọ̀ sí i. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá àdúgbò wa ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀? Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, kíláàbù aládàáni tó gba líìgì Nàìjíríà lọ́dún 2025, ti fi hàn pé nítòsí wa níbí, èèyàn lè fi ètò gidi ṣe kíláàbù.

Alága, ohun tí mo fẹ́ kí àpéjọ yìí ṣe kò le. Kí ẹgbẹ́ wa kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń darí 3SC, kí a fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun méjì: ìṣirò owó ọdún tó kọjá, àti àkọsílẹ̀ gbogbo ọmọ kéékèèké tó ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ wọn. Mo ti kọ lẹ́tà náà sílẹ̀, ó wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́, kó kà á, kó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá rí ohun tí kò tọ́ nínú rẹ̀, kó sọ kí a tún un ṣe kí a tó gbé e lọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi. Àyè ìbéèrè ló kù. Mo rí ẹ̀gbọ́n tó wọ aṣọ Chelsea lẹ́yìn lọ́hùn-ún, wọ́n ti ń nawọ́ tipẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé gbohùngbohùn fún wọn.